Fi Ẹsẹ̀ Gba Títì Kí O Tó Fi Táyà Gbà Á

Nígbà tí èmi ṣì kéré ní Kétu, tí títì Ìkòròdú ò tíì fẹ̀ tó báyìí, awakọ̀ àgbà kan wà nítòsí ilé wa tó ń wa bọ́lẹ́kájà. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò mọ bọ́lẹ́kájà: ọkọ̀ akẹ́rù onípákó ni, èèyàn àti ẹrù ló jọ ń wọ̀ ọ́. Ọ̀dọ̀ bàbá yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kọ́ṣẹ́. Bí ẹ bá rò pé sítíárìn ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́, ẹ ò mọ bàbá náà. Ẹrù ni wọ́n gbé kà á lórí. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ò bá lọ ọ̀nà jíjìn, ẹ̀gbọ́n mi á máa bá àwọn ìyá arúgbó ru gààrí sọdá títì, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀, títí ọrùn rẹ̀ á fi gan. Á wá máa ráhùn fún ìyá wa pé iṣẹ́ awakọ̀ lòun wá kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ alábàárù. Bàbá ò ní dá a lóhùn ju gbólóhùn kan lọ: "Fi ẹsẹ̀ gba títì kí o tó fi táyà gbà á." Ó pẹ́ kó tó jókòó sídìí ọkọ̀. Nígbà tó sì jókòó, bó bá ti rí ẹlẹ́rù létí ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wà lórí bíréèkì. Ó wakọ̀ títí ó fi darúgbó, kò gbá ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́dún tó kọjá, a sin ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Ifákọ̀. Eré àsápajúdé ló fi mọ́tò sá. Ìyá rẹ̀ ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ dáadáa di òní. Ìyẹn ló mú kí ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣètò ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ètò náà dára, mi ò ní purọ́. Wọ́n fi fídíò hàn wọ́n, wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ń tẹ fóònù ní tiwọn. Sátidé kan péré ni, wọ́n ti gba ìwé ẹ̀rí. Ọmọ ọmọ mi náà gba tirẹ̀, ló bá nawọ́ sí mi, torí ọwọ́ mi ni ìyá rẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí.

Mi ò fún un. Mo ní kó gbé àpò ìrẹsì kan lé orí, ká jọ sọdá títì. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. A dúró títí, kò sí ọkọ̀ tó kà wá sí. Nígbà tó yá, ó di ọwọ́ mi mú.

"Grandma, wọn kì í dúró o."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé wàá máa dúró?"

Ó tún àpò náà gbé ka orí. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Sátidé Sátidé la ń lọ sọdá títì báyìí, orúnkún ń dùn mí, ó sì ti rẹ̀ mí.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tiwa, ọmọ ló ń dọ̀bálẹ̀ bẹ àgbà pé kó kọ́ òun ní ọkọ̀ wíwà. Lónìí, àgbà ló ń bẹ ọmọ pé jọ̀ọ́, má kú.