Ẹ̀pà Inú Fèrè

Òórùn idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eérú àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Àárọ̀ Sátidé ni, nínú gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oǹdó, mo sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi, tó ń darí àwọn afọnfèrè ṣọ́ọ̀ṣì, gbé tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí a ní jáde, ó ní kí àwa ọmọdé fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tutù. Ọwọ́ mi ń rùn fún idẹ títí di ìrọ̀lẹ́, n kò sì fẹ́ fọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà ó tan tẹlifíṣọ̀n, ó fi fídíò kan hàn wá. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà ni, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí orin jáàsì. Ó ń fọn irú fèrè kan náà, ó di ojú, òógùn bò ó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú.

"Ó dà bí ẹni tí òkèlè iyán há sí lẹ́nu!" ni Mojí, ọ̀rẹ́ mi, wí.

Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Ọmọ tálákà ni. Ẹ wá wo gbogbo ayé tó ń pàtẹ́wọ́ fún un."

N kò lè ṣàlàyé ohun tí orin náà ṣe fún mi. Kì í ṣe ayọ̀ nìkan. Ó dà bíi pé ẹnì kan ń bá mi sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, èmi tí n kì í lè nawọ́ sókè ní kíláàsì.

Láti ọjọ́ náà, Bọ̀ọ̀dá ń kọ́ wa ní fèrè fífọn ní gbogbo Sátidé. Òfin kan ṣoṣo ló fún wa: kí a fi omi ṣan ẹnu kí a tó fọn ún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn yòókù ti ṣíwọ́, ó ku èmi àti Mojí. Ọ̀kan nínú wa ni yóò fọn fèrè ní ọjọ́ àjọ̀dún àwọn ọmọdé. Ní Sátidé tí wọ́n fẹ́ yan ẹni náà, mo ra ẹ̀pà yíyan lẹ́nu géètì, mo sì jẹ ẹ́ tán nítorí ẹ̀rù. Bí ẹ̀rù bá ń bà mí, mo máa ń jẹun títí di òní. Mojí ṣan ẹnu lójú mi nídìí ẹ̀rọ omi. Èmi kò ṣan tèmi.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fọn, ó sì dún dáadáa. Mojí gbà á, ó fọn, bọ́tìnnì àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lórí fèrè wọlé, kò jáde mọ́. Bọ̀ọ̀dá tú fèrè náà, ó gbọ̀n ọ́n sórí áńkáṣíìfù funfun rẹ̀. Itọ́ ló jáde, pẹ̀lú èérún ẹ̀pà.

"Mojí, kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Mo mu gaàrí, sà."

"Òun nìkan?"

"Mo fi ẹ̀pà sí i, sà. Ṣùgbọ́n mo ṣan ẹnu mi."

"O ṣan án, ẹ̀pà wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú fèrè? Lọ jókòó."

Mojí wò mí. Mo wo ilẹ̀. Màmá mi máa ń wí pé, "Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ." Mo rò ó lọ́kàn mi pé Mojí ní ẹnu tirẹ̀, kó fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n tún fèrè náà ṣe. Èmi ni mo fọn ún lọ́jọ́ àjọ̀dún, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Mojí kò wá sí ìdánrawò mọ́.

Mo ti jáde yunifásítì báyìí, mo ń wá iṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Lóṣù tó kọjá, mo gbé aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ sí Ọjà Ọba kí wọ́n bá mi dín in kù. Mojí ni télọ̀ tí mo bá níbẹ̀. A dì mọ́ra, a rẹ́rìn-ín. Mo wá jẹ́wọ́ fún un pé ẹ̀pà ẹnu mi ló wọ inú fèrè lọ́jọ́ náà.

Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Ìwọ ni? Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo gbà pé n kò ṣan ẹnu mi dáadáa ni."

Mo ti múra àlàyé sílẹ̀: pé ọmọdé ni mí, pé ẹ̀rù bà mí. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn pa ẹnu mọ́ kó lè rí fèrè fọn. Èmi àgbà ń kánjú sọ̀rọ̀ kí ara lè tù mí. Àti ọmọ yẹn àti èmi àgbà, kò sí ẹni tó ro ti Mojí. Mo gbé àlàyé náà mì. Mo fa àga, mo jókòó, mo ní kó sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára tirẹ̀ fún mi.