Ọdẹ Ṣọ́ọ̀ṣì Kọ́, Audacious Ni!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní ìpàdé àdúgbò wa ní Igbó-Elérin, nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ má bínú!

Àlàájà tó ń ta wáyà iná ní Ọjà Àlàbá, ilé kan náà la jọ ń gbé. Wọ́n ń du ipò alága àdúgbò, ó sì tọ́ sí wọn. Nígbà tí típà kan fẹ́ da yanrìn dí ojú gọ́tà wa, tí omi ì bá máa wọlé bá gbogbo wa, ṣe làwọn ọkùnrin kàn ń kùn. Àlàájà jáde. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú ọkọ̀ náà, wọ́n ń kí dírẹ́bà tó tó ọmọ wọn pé ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ní kí wọ́n dìde. Wọn ò dìde. Ó tẹ họ́ọ̀nù títí, wọ́n ṣì ń kí i! Kí àgbàlagbà máa kúnlẹ̀ fún ẹ lójú títì, ta ló fẹ́ irú ẹ̀? Ó rìfáàsì lọ. Èmi wà lẹ́yìn fèrèsé, mò ń gbọ̀n.

Torí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí a ó fi gbé Àlàájà kalẹ̀ kí wọ́n tó dìbò. Mo wá ọ̀rọ̀ tó tó wọn. Bold kéré lójú mi. Brave, gbogbo èèyàn ló ń lò ó. Mo mú audacious. Inú mi dùn sí i, ẹ̀rù rẹ̀ sì tún ń bà mí. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Mo kà á sókè fún gbogbo ìpàdé. Àlàájà ló kọ́kọ́ lanu.

"Ọdẹ ṣọ́ọ̀ṣì kẹ̀? Ọmọ mi, èmi tí mò ń kírun, ìgbà wo ni mo di ọdẹ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ẹ̀rín sọ! Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Àlàájà, tọ́ọ̀ṣì yín dà?"

Ẹ̀rín ò tíì tán tí Bàbá Lánlọ́ọ̀dù, tí wọ́n jọ ń du ipò náà, fi gbé fóònù wọn sókè. Wọ́n ní àwọn ti wo ìtumọ̀ rẹ̀, àfojúdi ni. Ṣé aláfojúdi la fẹ́ fi ṣe alága? Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Mo wo ojú Àlàájà, ẹ̀rín ti kúrò níbẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ gbé wọn ga ni mo fẹ́ já wọn lulẹ̀ báyìí? Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì!

N kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ o. Kódà, kí n tó sọ "ó wà o" fún kọ́ńdọ́ ọkọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú ọkàn mi ná. Ṣùgbọ́n mo jáde síwájú Bàbá, mo kúnlẹ̀. Mo ní òótọ́ ni sà, ojú méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní. Ó lè jẹ́ àfojúdi, ó sì lè jẹ́ ìgboyà ẹni tó dáwọ́ lé ohun tí ẹlòmíì ò jẹ́ dán wò. Mo wá bi wọ́n pé, ta ló ti rí aláfojúdi tó ń kúnlẹ̀ rí?

Bàbá ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́. Dìde."

Mi ò dìde.

"Mo ní kí o dìde, ọmọbìnrin yìí!"

Àlàájà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀! Bí mo ṣe ṣe dírẹ́bà ọjọ́sí gan-an nìyẹn!"

Àní Bàbá fúnra wọn rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tó lọ sókè fún Àlàájà lọ́jọ́ náà, ó pọ̀, wọ́n sì di alága! Ní báyìí, Ọdẹ Ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ẹ̀rù kì í ba ẹni tó bá láyà. Mo bi Àlàájà nípa ọjọ́ típà yẹn. Wọ́n ní ẹ̀rù ba àwọn, orúnkún àwọn ń gbọ̀n débi pé bí àwọn tiẹ̀ fẹ́ dìde, àwọn ò ní lè dìde!

Ohun tó ṣe èmi náà níwájú Bàbá gan-an nìyẹn. Ó wá yé mi pé èèyàn lè máa gbọ̀n, kó sì wà ní ibi tó yẹ kó wà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà wo ni orúnkún yín gbọ̀n, tí ẹ ò sì kúrò níbẹ̀? Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀, mò ń kà á.