Ìtàn Ọrọnsẹn ní Kíláàsì Tíṣà Agatha

Àwọn òrìṣà Íjíbítì ni Tíṣà Agatha kọ́ àwọn ọmọ ní tọ́ọ̀mù tó kọjá, òbí kan ò sì bá a wí. Ọmọ Ifọ̀n ni, Kátólíìkì tí kì í pa Máàsì jẹ, Ọ̀wọ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà látìgbà èwe. Ó ní tí ọmọ bá mọ òrìṣà ará ibòmíràn tí kò mọ ti ìlú tó ń gbé, ẹ jọ̀ọ́, ìwé kí ló kà? Ló bá sọ ìtàn Ọrọnsẹn fún wọn, obìnrin abàmì tí Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà láyé àtijọ́, fẹ́: wọn kì í lọ ilá lójú rẹ̀, wọn kì í da omi sí àgbàlá. Àwọn orogún rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àwọn èèwọ̀ náà lójú rẹ̀, ló bá bínú lọ.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí Gbọ́lá, bàbá Tiwalọlá ọmọ ọdún mẹ́fà, fi já wọ kíláàsì, ó fa ọmọ lọ́wọ́.

"Ẹ ti sọ ọmọ mi di abọ̀rìṣà! Ilá tí ìyá mi fẹ́ lọ̀, ó gbé e lọ dà sígbó. Kò jẹ́ ká da omi síta mọ́. Ta ló rán yín níṣẹ́?"

Inú bí Tíṣà Agatha, ó fẹ́ fún un lésì tó tọ́ sí i. Àmọ́ ó rí ọmọ náà bó ṣe rù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi ọmọ náà pé kí ló dé.

"Kí Mọ́mì lè padà wálé ni, mà."

Lóṣù tó kọjá ni wọ́n sin ìyá Tiwalọlá ní ìlú Ìyẹ́rè. Wọ́n gbé ọmọ pamọ́, wọ́n ní ìyá rẹ̀ rìnrìn-àjò, bí a ti máa ń ṣe fún ọmọdé nílẹ̀ wa. Tíṣà náà bá wọn pa àṣírí ọ̀hún mọ́. Áà, irú ìkẹ́ wo nìyẹn! Tí wọ́n bá tún parọ́ lónìí, ọmọ yìí á máa ṣọ́ àgbàlá títí á fi dàgbà.

"Dádì Tiwa," ó sọ jẹ́jẹ́, "ẹ sọ fún un, tàbí kí n sọ ọ́."

Gbọ́lá kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó di ọmọ mú.

"Mọ́mì ti kú, ọmọ mi. Àìsàn ló ṣe é. Kò lè padà mọ́."

Ọmọ náà kò sunkún. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo tíṣà.

"Èmi ni mo da omi sí àgbàlá lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ sọ́síbítù," ó ní. "Ṣé kì í ṣe èmi ni mo lé e lọ?"

"Kì í ṣe ìwọ!" Àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ pa pọ̀. Ìgbà yẹn ni ọmọ náà tó bú sẹ́kún.