Igi Ẹ̀mí Oko Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àgọ́-Àmọ̀dù, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnì kan ò jókòó kọ́ wa pé ká fẹ́ràn igi. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ìyá bàbá mi á jí mi láàárọ̀ kùtù, ó di oko, a ń lọ ṣa èso ẹ̀mí. Ẹ̀mí yìí ni igi tí a ń rí òrí lára rẹ̀. A kì í gùn ún, a kì í gbọ̀n ọ́n. Èyí tó bá fúnra rẹ̀ já là ń ṣà. Mo gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ìyá bàbá mi sì gbá mi létí. Àwọn ọkùnrin pàápàá, bí wọ́n bá ń ṣán oko iṣu, wọn á fi ẹ̀mí sílẹ̀ ni, ebè ni yóò yà fún un. Mọ́kànlá ni tiwa.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé mi lọ sí Ìbàdàn, ó tún gbé mi dé Èkó. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ewé lè wu èèyàn bí oúnjẹ. Ní Ìbàdàn, abẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́yìn wọ́ọ̀dù ni mo ti ń jẹun ọ̀sán. Ní Èkó, bí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń wọ ọkọ̀ méjì lọ jókòó létí ọ̀sà, níbi tí àwọn lékèélékèé ń bà sí. Mo sì máa ń fọ́nnu fún àwọn ará Èkó pé wọn ò tíì rí igi, kí wọ́n wá sí Òkè-Ògùn.

Lẹ́yìn ikú bàbá wa, àbúrò mi pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó ń sun èédú fẹ́ ra igi oko Bàbá. Ẹ̀yin ni àgbà, kí lẹ wí?" Mo ń kánjú lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n tà á. Ó tún bi mí pé, "Títí kan ẹ̀mí?" Mo ní, "Ṣebí igi náà ni?"

Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Èmi fi tèmi júwe oko baba mi fún eléèédú.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí ọmọ mi ní Àbújá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fà mí lọ́wọ́ lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ kan. Igi ẹ̀mí wà níbẹ̀! Wọ́n la ọ̀nà yí i ká, wọn ò gé e, wọ́n tilẹ̀ to búlọ́ọ̀kù sí ìdí rẹ̀ kí mọ́tò má baà kọ lù ú. Ọmọ náà fọwọ́ pa á lára, ó ní, "Màmá àgbà, Mọ́mì ní ẹ ní púpọ̀ lóko. Ṣé ẹ máa mú mi lọ wò wọ́n?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa fún ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tí mo kúrò ní Àbújá, mo lọ sí Àgọ́-Àmọ̀dù, mo dé oko náà. Kùkùté mẹ́sàn-án ni mo rí, n ò rí méjì tó kù. Ilẹ̀ dúdú níbi tí wọ́n ti sun èédú. Àgbẹ̀ kan ní oko kejì kí mi pé, "Ẹ kú àtijọ́ o, Ìyá Nọ́ọ̀sì," mo dorí kodò dá a lóhùn. Ẹ̀mí tí mo bá gbìn lónìí, n ò ní sí láyé nígbà tí yóò so.

Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń wí pé ayé ti yí padà. Mo fẹ́ bá wọn wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ayé kọ́ ni àbúrò mi béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ yẹn ń bọ̀ nígbà Kérésìmesì. N óò mú un dé oko, n óò sì sọ fún un pé èmi ni, kó tó béèrè.