Ìjókòó Tó Wà Lórí Bátìrì

Mo rántí ọ̀sán tí òórùn ẹyin tó bàjẹ́ gba inú ọkọ̀ wa kan lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi, tó jókòó sẹ́yìn, fọwọ́ di imú.

“Ta ló só?”

“Kì í ṣe èmi o, Màmá.”

“A jẹ́ pé èmi ni nìyẹn.”

Ká tó rẹ́rìn-ín tán, ó pariwo pé ìdí òun ń gbóná. Mo paná ọkọ̀, mo fà á sọ̀kalẹ̀, mo gbé ìjókòó sókè. Abẹ́ ibẹ̀ ni bátìrì ọkọ̀ ìjàpá máa ń wà. Omi inú rẹ̀ ń hó bí ọbẹ̀, abẹ́ ìjókòó sì ti ń jó dúdú. Mo sáré já wáyà rẹ̀.

Ọkọ̀ bàbá mi tó ti dolóògbé ni. Ìyá mi kò gbà kí ọkọ̀ mìíràn gbé òun lọ tọ́jú ojú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣáájú ìgbà náà, bátìrì kì í gba iná, àràárọ̀ là ń ti ọkọ̀ ká tó jáde. Rewáyà tó ń bá wa tún iná ọkọ̀ ṣe ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ wá yọ kọ́táòtù, ìyẹn ohun tó ń díwọ̀n iná tó ń wọ bátìrì, ó so wáyà pọ̀ tààrà. Ó ní, “Ó ti parí, ọ̀gá. Ẹ ṣáà máa tan iná iwájú lọ́sàn-án, á máa bá yín jẹ èyí tó bá pọ̀ jù.” Èmi ọ̀mọ̀wé gbà. Mo tilẹ̀ ń yangàn pé iná mi mọ́lẹ̀ ju ti ọkọ̀ tuntun lọ. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, ta ní ń tan iná lọ́sàn-án bí kò ṣe ẹni tó gbé òkú? Àwọn ọlọ́kadà ń yà fún wa. Nígbà kan tí a ti lọ ṣáájú, bàbá kan ní Takie, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ṣí fìlà fún wa. Ìyá mi yọ orí síta: “Mi ò tíì kú o!”

Inú ṣì ń bí mi títí di òní. Nígbà tí a fi okùn fa ọkọ̀ padà, rewáyà ní n kò tan iná yẹn tó ni. Mo dá wáyà padà, mo ṣíná ọkọ̀, mo tan iná iwájú, mo fi mítà tó ń wọn iná sí bátìrì lójú rẹ̀. Kò yẹ kí agbára iná náà ju bíi fóòtì mẹ́rìnlá lọ. Ó fò kọjá mẹ́tàdínlógún.

“Mítà yín ló ń purọ́, ọ̀gá.”

Ìyá mi kò bá a jiyàn. “Ọmọ mi, wá jókòó síbi tí mo jókòó sí, ká jọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.”

Ó wo ìjókòó, ó wo ìyá mi, kò wọlé. Ó mọ̀! Bí a bá ń gé igi nínú igbó, ká máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ìyá tó bí mi ló gbé lé orí iná, ó sì fọwọ́ sọ̀yà pé iṣẹ́ parí.

Rewáyà lọ wá kọ́táòtù tó dára, ó dè é, ó pààrọ̀ wáyà tó ti jẹrà. Ìyá mi tún pè é. Lọ́tẹ̀ yìí ó wọlé, ìyá mi sì bọ́ síwájú. Mo ṣì máa ń fọwọ́ kan ìjókòó yẹn kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, torí ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mítà kò kúrò lórí mẹ́rìnlá títí a fi dé Takie, iná iwájú wa wà ní pípa, ẹnikẹ́ni kò sì yà fún wa. Ọlọ́kadà kan tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá wa. “Ẹ gbé ahun yín kúrò lọ́nà jàre!”

Ìyá mi juwọ́ sí i. “O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun gan-an!”