Igba Ìṣísẹ̀ sí Ìdí Àgbò Mi

Òjò tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì kò dá títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ìkùukùu ti bo àdúgbò débi pé n kò rí òrùlé ilé kejì. Omi ń kán láti etí páànù, ilẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, òtútù sì ń mú bíi pé ọyẹ́ ti dé. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ mìíràn lè fa aṣọ borí kó tún sùn sí i. Àwa tí à ń tọ́jú wáyà tẹlifóònù abẹ́ ilẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ báyẹn, kí á ti mọ̀ pé wáyà kan ti kú níbì kan ní Ìwó.

Ẹ má rò pé ọ̀mọ̀wé ni mí. Ìwé mẹ́ta ni mo kà. Ilẹ̀ ọ́fíìsì tẹlifóònù ni wọ́n gbà mí láti máa gbá, ibẹ̀ ni Bàbá Jóṣúà ti rí mi. Gbogbo wa ń pè wọ́n ní Ọ̀gá, nítorí àwọn ni olórí àwọn tó ń tún wáyà ṣe. Díákónì ni wọ́n ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, wọn kì í pariwo, orúnkún wọn ọ̀tún sì ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn yí ọwọ́ ẹ̀rọ kan lọ́jọ́ kan. Mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, n kò sì gbé e mọ́.

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Wáyà abẹ́ ilẹ̀ dà bí okùn ńlá. Òjé ni awọ rẹ̀, bébà ni wọ́n sì fi wé àwọn wáyà tín-ín-rín tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí awọ òjé yẹn bá lu, omi á wọlé, bébà á rin, ọ̀rọ̀ á sì dá sáàárín ọ̀nà. Ọ̀gá ní àpótí kan tó ní ọwọ́ tí a ń yí bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Èmi ni mo máa ń yí i. Bí abẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ bá dìde, wáyà gbẹ. Bó bá sùn sílẹ̀, omi ti wọ̀ ọ́. Àpótí kejì ló máa ń jẹ́ kí Ọ̀gá mọ bí ibi tó bàjẹ́ ṣe jìnnà tó. Wọ́n á ṣírò rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n á wá sọ iye ìṣísẹ̀ fún mi.

Téèpù tó yẹ ká fi wọn ilẹ̀ ti já tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó fún wa ní òmíràn. Èmi ni téèpù. Lóko bàbá mi ní Kúta ni mo ti mọ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe ń pín oko fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá dán mi wò ní gbangba pápá ilé ìwé. Wọ́n ní ogójì ìṣísẹ̀ mi jẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà géérégé, ì báà jẹ́ nínú ẹrẹ̀, ì báà jẹ́ lórí òkúta. Ìgbéraga wọ̀ mí lẹ́wù láti ọjọ́ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sọ́jà bí ẹni tí ìjọba ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, Àlímátù, ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lónìí. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ní ó ń gba inú wáyà tiwọn kọjá, dígí tó tín-ín-rín bí irun orí. Ẹ̀rọ kékeré kan ń rán ìmọ́lẹ̀ lọ, ó sì ń sọ ibi tí dígí ti ṣẹ́. Mo bi í pé lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá sọ ọ́ tán ńkọ́. Ó ní, "Màmá, ẹnì kan á rìn débẹ̀." Inú mi dùn. Ẹsẹ̀ ṣì wúlò.

Ká padà sí àárọ̀ òjò yẹn. Nǹkan bí ọdún 1984 ni, ó ku bí ọjọ́ mẹ́sàn-án sí Iléyá. Mo ti lo ọdún mẹ́rin níbi iṣẹ́ láìní ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n lè ní kí n máa lọ nígbàkúùgbà. Àwa mẹ́ta ni irú rẹ̀ ń ṣe: èmi, Làmídì àti Gbóyèga, àwọn ọkùnrin méjì tó ń gbẹ́lẹ̀ fún wa. Lọ́jọ́ náà gan-an, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá àgbà kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn láti mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wa. Ọ̀gá Jóṣúà ti sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé orúkọ mi ni àwọn máa dá, pé àwọn máa sọ fún ọkùnrin náà pé ẹsẹ̀ Ìyá Múfú kì í parọ́.

Wáyà tó kú lọ sí ilé ìwòsàn. A lọ sídìí àpótí irin tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ létí títì àdúgbò wa, mo yí ọwọ́ ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ sùn fọnfọn. Ọ̀gá so àpótí kejì mọ́ ọn, wọ́n ṣírò, wọ́n sì ní, "Igba ìṣísẹ̀, Ìyá Múfú. Má sáré."

Mo gbéra. Mo ń kà á sókè bí mo ṣe máa ń ṣe, mò ń tẹ̀lé ibi tí wáyà gbà, mo yà lọ́wọ́ òsì níbi tó ti yà. Nígbà tí mo pe igba, mo gbójú sókè. Ẹ̀yìnkùlé mi ni. Àgbò Iléyá wa ló dúró síwájú mi, ó ń jẹ èèpo iṣu. Ó wò mí, mo wò ó.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n pe Ọ̀gá. Àmọ́ èmi ni mo ń gbá ẹ̀yìnkùlé yẹn láràárọ̀, mo sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Wáyà kì í kàn ṣàdédé bàjẹ́. Lójú tèmi nígbà náà, ó ní láti jẹ́ pé ẹlòmíràn ló bà á jẹ́. Mo sì mọ ẹlòmíràn náà. Ìyá Àfáà, opó tó ń gbé ilé kejì, ti gbẹ́lẹ̀ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà wọn lọ́dún tó kọjá. Mo ní ẹsẹ̀ mi ti ṣì í, mo tún rin ọgbọ̀n lé e, mo dúró sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyá olóore, mo sì nawọ́ sí Ọ̀gá pé ibẹ̀ ni.

Ìyá Àfáà jáde nígbà tí Làmídì wú ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kẹta. Èyí tó ti so wà nínú wọn.

"Rábí, ìwọ lo mú wọn wá bá mi?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Iṣẹ́ ìjọba ni, Ìyá." Tí mo bá rántí bí mo ṣe sọ ọ́, bí ẹni pé ìjọba ló bí mi, ojú máa ń tì mí dòní.

Wọ́n wú márààrún. Wọ́n bá wáyà. Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò pẹ̀lú orúnkún wọn, wọ́n fi àkísà nù ún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òjé náà ń dán, kò ní àpá kankan. Làmídì fara ti ọkọ́ rẹ̀, ó ní, "Àbí òjò ló mú kí téèpù wa fà?" Gbóyèga rẹ́rìn-ín. Èmi náà gbìyànjú àtirẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá padà lọ jókòó lórí àpótí irinṣẹ́, wọ́n mú pẹ́ńsùlù, wọ́n tún ìṣirò náà ṣe. Igba ló jáde. Wọ́n tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, igba náà ni. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ìṣirò mi ló ti ń kùnà, Ìyá Múfú. Ọpọlọ ti gbó. Bí ọ̀gá àgbà bá dé, mà á ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ sinmi."

Mo ní kí n lọ fún àgbò lómi.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ àgbò yìí díẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, àgbò wa fa èèkàn igi yọ, ó sì sáré la àdúgbò já pẹ̀lú èmi lẹ́yìn rẹ̀ láìwé gèlè. Mo búra pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Nígbà tí ti ọdún yìí dé, mo mú irin kan nínú èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí ọkọ mi kọ́ ilé, ó gùn tó apá mi, mo sì fi ọmọ ọlọ gbá a wọlẹ̀ títí ó fi ku ibi tí okùn máa dì mọ́. Mo pe ọkọ mi wá wò ó. Mo ní erin gan-an kò lè fà á yọ.

Mo gbé omi kalẹ̀ fún àgbò. Ó fa okùn, irin náà mì, omi ẹlẹ́rẹ̀ sì hó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dúró, mò ń wò ó. Mo rántí ohun tí Ọ̀gá ti sọ fún mi rí, pé àpáta wà lábẹ́ àdúgbò wa, àwọn tó ri wáyà náà kò sì lè gbẹ́lẹ̀ jìn níbẹ̀. Irin mi ti lu awọ òjé láti ọjọ́ tí mo ti gbá a wọlẹ̀. Òjò òru ló wá bá ihò náà wọlé.

Kò sí ẹnikẹ́ni ní ẹ̀yìnkùlé. Mo lè fà á yọ, kí n fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà pa, kí ìwé iṣẹ́ mi sì dé ní aago mẹ́rin. N kò ní parọ́ fún yín, mo ti fà á yọ. Ẹsẹ̀ mi ti wà lórí ihò náà. Ohun tí kò jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ ni pé láti ibi tí mo dúró, mò ń rí Ọ̀gá lórí àpótí irinṣẹ́, wọ́n tún ń ṣírò.

Mo gbé irin náà lọ bá wọn.

"Ọ̀gá, igba ni."

"Igba kí ni?"

"Igba ìṣísẹ̀. Ìṣirò yín pé. Ìdí àgbò mi ló bọ́ sí, èmi ni mo fi ọgbọ̀n lé e."

Wọ́n wo irin. "Ìwọ lo gbá a wọlẹ̀?"

"Èmi ni, sà. Ọmọ ọlọ ni mo fi gbá a."

Wọ́n wá wọ awò wọn padà, ó sì dà bíi pé ọjọ́ orí wọn dín kù lójú mi. "Ẹsẹ̀ rẹ kò parọ́," ni wọ́n wí. "Ẹnu rẹ ló parọ́. Pe àwọn ọkùnrin yẹn wá."

A kò gbẹ́ ju ìwọ̀n apá kan lọ tí a fi bá a. Ihò tó wà lára òjé náà kò ju ọmọ ìka lọ. Ọ̀gá já bébà díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n rì í sínú àbẹ́là tí a ti yọ́ lórí iná. Bí bébà bá gbẹ, àbẹ́là á dákẹ́. Bó bá rin, á máa ta. Tèmi ta bí àgbàdo tí à ń yan. Ọ̀gá kàn wò mí. A gé ibi tó rin kúrò, wọ́n so wáyà tuntun sí i, wọ́n fi òjé bò ó, mo sì yí ọwọ́ ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ dìde. Láìpẹ́, ilé ìwòsàn pe ọ́fíìsì láti sọ pé àwọn ń gbọ́.

Ọ̀gá àgbà dé ní aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, bàtà rẹ̀ mọ́ ju kó fi tẹ ẹrẹ̀ wa lọ. Ó béèrè ẹni tó rí ibi tí wáyà ti bàjẹ́. Ọ̀gá Jóṣúà yíjú sí mi.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo rí i, sà. Èmi náà ni mo bà á jẹ́."

Mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀, àtàgbò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Làmídì rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti mọ́tò tó gbé ọ̀gá àgbà wá. Ọ̀gá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó bi Ọ̀gá bóyá ẹlòmíràn wà tó lè rin igba ìṣísẹ̀ tí kò ní ṣì í.

"Kò sí, sà. Àmọ́ ẹ bá wa kìlọ̀ fún un nípa ẹran sísìn."

Ó kọ orúkọ mi sílẹ̀. Bó ṣe ń pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní kí n tún ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyá náà gbìn kí n tó fọwọ́ síwèé kankan.

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí mo fi gba Olúpọ̀nnà lọ tọrọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ márùn-ún lọ́wọ́ àbúrò mi. Mo rù wọ́n dé ilé Ìyá Àfáà, mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n jẹ́ kí n wà lórí ìkúnlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá gbé àpótí ìjókòó síta. Mo fẹ́ fojú díwọ̀n ibi tí mo máa gbẹ́, wọ́n ní rárá.

"Ka ẹsẹ̀ rẹ, Rábí. Mẹ́rin-mẹ́rin. Kà á sókè kí n gbọ́."

Mo kà á sókè. Mo fi okùn àgbò wé ọrùn ọwọ́, nítorí n kò ní èèkàn mọ́, ó sì ń tẹ̀lé mi láti ihò kan dé èkejì. Bí mo bá ti pe mẹ́rin, mo dúró síbẹ̀ gan-an, mo sì gbẹ́lẹ̀.