Hóònù, Kọ́kọ́rọ́ àti Ìlà Kẹta

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé etí ni mo fi ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù mi, kì í ṣe ojú. Doornfontein ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, láàárín ìlú Johannesburg, níbi tí mo ti ń ta òwú, sípì àti bọ́tìnì fún àwọn aránṣọ. Takisí ibẹ̀, àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké tó ń kó èrò, kì í panu mọ́. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fọn hóònù: wọ́n ń fi pe èrò, wọ́n ń fi kí ara wọn, wọ́n sì ń fi bú ara wọn. Àlejò á ní ariwo náà ti pọ̀ jù. Ní tèmi, ìtura ni. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni àyà mi ń já.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti lóye. Troyeville, àdúgbò mìíràn nínú ìlú kan náà, ni mo ti kọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, hóònù dákẹ́, gbogbo títì pa lọ́lọ́. Mo rò pé bóyá oúnjẹ ni àwọn awakọ̀ lọ jẹ. Kò pẹ́ tí àwọn tó ní kí àwa àlejò máa lọ sílẹ̀ wa fi dé pẹ̀lú igi àti iná. Fèrèsé ẹ̀yìn ni mo gbà jáde, bàtà kan lẹ́sẹ̀ mi, ìkejì bá ṣọ́ọ̀bù jóná. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi òfin kan sọ́kàn: bí wàhálà bá ń bọ̀, hóònù á dákẹ́.

Nítorí náà, bí hóònù bá ti dákẹ́ ní Doornfontein báyìí, n ó fa ilẹ̀kùn onírin wálẹ̀, n ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í, n ó sì wọ abẹ́ káńtà lọ. Mo ti ilẹ̀kùn nítorí bọ́ọ̀lù tí àwọn awakọ̀ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo tì í nítorí òkú ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n lọ sin. Mo tì í nítorí ìyanṣẹ́lódì. Lọ́jọ́ kan, mo ti gógó kan mọ́ inú rẹ̀. Gógó ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbẹ̀. Súlù ni ìyá yìí, aṣọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ló máa ń rán, oníbàárà mi pàtàkì sì ni. Mo rọ̀ ọ́ pé kó tètè wá sábẹ́ káńtà. Ó wò mí láti òkè.

"Háwù, bàbá! Nínú ọjọ́ orí mi yìí? Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ jí mi gbé ni, kò sẹ́ni tó máa wá rà mí padà o."

Ìyàwó mi gbọ́. Obìnrin náà kì í pariwo; bó bá bínú, ńṣe ni ohùn rẹ̀ ń rọ̀. "Bàbá Ìbejì," ó ní, "àwa méjèèjì la dá ọjà yẹn sílẹ̀. Bí o bá tún ti ṣọ́ọ̀bù yẹn láìnídìí, n ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ." Oorun dá lójú mi. Ọkùnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti jóná lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá tún wá gba kọ́kọ́rọ́ èkejì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù tó fi ń jẹ́ baálé?

Òun náà ló ní kí n lọ kọ́ kọ̀ǹpútà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, olùkọ́ yunifásítì tó ń gbé ní Randburg, àdúgbò olówó tí wàhálà kì í dé, ń kọ́ àwa àgbàlagbà ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Mo gẹ irun, mo wọ bàtà dídán, mo dé ibẹ̀, n kò rí kọ̀ǹpútà kankan, àfi ṣọ́ọ̀kì àti pátákó. Àna mi ní kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju òótọ́ àti irọ́ lọ, pé bó ṣe ń ronú la ó kọ́kọ́ kọ́. Ó yíjú sí mi.

"Bọ̀dá, òjò ń rọ̀ níta. Ṣé òótọ́ ni àbí irọ́?"

Mo wo fèrèsé. Oòrùn ń ràn. "Ó lè máa rọ̀ níbòmíràn," ni mo wí.

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ̀ pé ẹni tó ti sá fún iná rí kì í yára dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ bí wọ́n bá ti dojú kọ ọ́.

Àna mi ní bí mo bá sọ pé mo ra òwú àti sípì, méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ mi kó tó jẹ́ òótọ́. Bó bá jẹ́ òwú tàbí sípì ni mo wí, ọ̀kan ti tó. Ìyẹn yé mi, ọjà mi ni. "Bí" ló dá ìjà sílẹ̀. "Bí ẹ bá yege ìdánwò, n ó ra mínírà fún yín," ni àna mi wí. "Ìgbà wo ni mo parọ́?" A ní bí a bá yege tí kò rà á. Ó ní ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn. Bí a bá fìdí rẹmi, tí àánú wa sì ṣe é tó rà á, kò parọ́, nítorí kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tó bá fìdí rẹmi.

"Ẹ jẹ́ ká kúkú fìdí rẹmi," ni oníṣòwò kan wí láti ẹ̀yìn, "ká máa wo ojú àánú yín."

Nígbà náà ni mo gbé òfin tèmi kalẹ̀. Àna mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ya àtẹ kan sójú pátákó, ó kọ "wàhálà ń bọ̀" sápá kan, "hóònù dákẹ́" sápá kejì, ó sì to ìlà mẹ́rin sábẹ́ wọn. Ìlà kìíní: wàhálà ń bọ̀, hóònù sì dákẹ́. Ìyẹn ni Troyeville. Ìlà kejì: wàhálà ń bọ̀, síbẹ̀ hóònù ń dún. Ibẹ̀ nìkan ni òfin mi ti lè di irọ́. Ìlà kẹta: kò sí wàhálà, hóònù sì dákẹ́. Ìlà kẹrin: kò sí wàhálà, hóònù ń dún, ọjà ń tà.

"Bọ̀dá, òótọ́ ni òfin yín nínú ìlà kẹta náà," ó ní. "Ẹ ò sọ pé wàhálà nìkan ló ń pa hóònù lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn lẹ ti ń kà á bọ̀ wá síwájú."

"Tí hóònù bá wá dákẹ́, báwo ni n ó ṣe mọ̀ bóyá ìlà kìíní ni mo wà àbí ìkẹta?"

"Àtẹ ò lè sọ ìyẹn fún yín. Àfi kí ẹ lọ wo ìta."

Inú bí mi. Ẹni tó ń gbé ní Randburg ló ń ní kí n lọ wo ìta!

Kò pẹ́ sígbà náà, gógó ń yan sípì lọ́wọ́, hóònù dákẹ́. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn onírin. Gógó mí kanlẹ̀, ó fa àpótí mọ́ra, ó jókòó, ó yọ búrẹ́dì jáde láti inú báàgì rẹ̀. "Ó dáa, bàbá. Lónìí, mo gbé oúnjẹ mi wá."

Mo rántí ìyàwó mi. Mo rántí ìlà kẹta. Mo rántí ìlà kìíní náà. Mo yọrí síta bí ìjàpá.

Níbi róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ ní oríta, màlúù kan dúró. Ó já bọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń gbé e lọ síbi ìgbéyàwó. Takisí tò yí i ká, àwọn awakọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, àgbà kan láàárín wọn sì fi ìka sétè: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọn hóònù, kí ẹ̀rù má bàa ba màlúù. Èmi àti màlúù wo ara wa. Nínú gbogbo Doornfontein lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àwa méjèèjì nìkan ni ẹ̀rù ń bà.

Mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Gógó bu búrẹ́dì fún mi.

Mo délé bí ẹni tó joyè. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Ó rẹ́rìn-ín nítorí màlúù, ó yìn mí, ó sì na ọwọ́. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Kọ́kọ́rọ́ kẹ̀? N kò tì í!"

"Mo gbọ́. Ṣé mo sọ pé bí o kò bá tì í, n kò ní gbà á?"

Mo pe àna mi lórí fóònù kó wá gbà mí sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ má bínú, bọ̀dá. Ìlà kẹta ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò parọ́." Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ta ni n bá fẹjọ́ sùn?

Títí dòní, ìyàwó mi ló ń wá ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, òun ló ń wá tì í nírọ̀lẹ́. Láàárín méjèèjì, èmi ni mo ń tajà. Nígbà yẹn, mo rò pé ìyà ló fi ń jẹ mí. N kò di akínkanjú o. Mo máa ń fi òróró sára fèrèsé ẹ̀yìn kó lè ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí ìlà kìíní ṣì wà lórí àtẹ náà, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́, mo sì ti dúró nínú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, hóònù tún dákẹ́. Ọwọ́ mi sáré wọ àpò, kò bá kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Mo bá dìde, mo lọ wo ìta.